Aláìsàn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ta ni yóò buwọ́ lùwé?

Wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, ẹlòmíràn ọ̀hún sì rí i nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan lókè òkun. Ohùn náà ń sáré bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí: ó ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà ti tú ìgbéyàwó ọkùnrin méjì àti ti obìnrin méjì ká, pé ọsibítù ò sì gbọdọ̀ gbà kí wọ́n buwọ́ lùwé fún ara wọn mọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, ohùn mìíràn ti tẹ̀ lé e. Ìyẹn ní irọ́ ni wọ́n pa, pé Nàìjíríà gan-an ló fẹ́ gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ wọlé. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Àgọ́-Ìwòyè, láti Ìpẹ̀rù dé Ṣágámù, agboolé tí kò lọ́mọ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì tàbí tó ń tọ́jú arúgbó lókè òkun kò pọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló ń dúró ti ibùsùn aláìsàn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, àwọn ló sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí òfin ní kí wọ́n na bírò sí. Àwa tá a wà nílé náà ń kọ orúkọ sí àyè next of kin lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ agbára tó wà nínú ohun tá à ń kọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà gan-an?

Kim Davis ni akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Kentucky lọ́dún 2015. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fún àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó níwèé àṣẹ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún yẹn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Obergefell pé gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ so ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì pọ̀ bí wọ́n bá wá. Adájọ́ márùn-ún ló fara mọ́ ọn, mẹ́rin takò ó. Davis ní ẹ̀sìn òun kò gba òun láyè, ó sì kọ̀. Wọ́n fi í sátìmọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọkùnrin méjì tí kò fún níwèé pè é lẹ́jọ́, wọ́n jàre rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ní kó sanwó gbà-má-bínú fún wọn.

Owó yìí ló gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ó ní kí wọ́n gba òun lọ́wọ́ owó náà, kí wọ́n sì kúkú da ìdájọ́ 2015 nù pátápátá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n dáhùn pé àwọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ náà. Wọn ò fi àlàyé kankan tì í. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ pé "ilé ẹjọ́ kọ̀ ọ́" láìgbọ́ ohun tí wọ́n kọ̀, ó lè rò pé ìgbéyàwó náà ni wọ́n kọ̀. Ẹ̀bẹ̀ Davis ni wọ́n kọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ láti 2015 ló ṣì wà nílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn olóhùn WhatsApp ò dárúkọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2022, Ààrẹ Biden buwọ́ lu òfin kan tó ní ìgbéyàwó tó bá ti bófin mu níbi tí wọ́n ti ṣe é, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù gbọ́dọ̀ kà á sí ìgbéyàwó. Òfin náà ò fipá mú ìpínlẹ̀ kankan láti so ẹnikẹ́ni pọ̀. Tí ìdájọ́ Obergefell bá wó lọ́la, àwọn ìpínlẹ̀ kan lè ní àwọn ò ní kọ ìwé tuntun mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ pé èyí tí wọ́n ti kọ níbòmíràn di òfo.

Kí ni ìgbéyàwó wá fi kan líìfù?

Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní FMLA. Ààrẹ Clinton ló buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1993. Ó gba òṣìṣẹ́ láyè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 lọ́dún kó lè tọ́jú ara rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ tí àìsàn dá gúnlẹ̀, kó sì padà bá iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Òfin náà ò ní kí ọ̀gá sanwó oṣù fún un láàrin ìgbà yẹn o. Iléeṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50 kò sí lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì máa jẹ àǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 12 níbẹ̀, kó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1,250 ó kéré tán nínú ọdún tó ṣáájú.

"Ẹbí" tí òfin yìí ń wí kì í ṣe irú ẹbí tiwa. Ọkọ tàbí ìyàwó, ọmọ, òbí, ó tán. Ẹ̀gbọ́n ò sí níbẹ̀, àbúrò ò sí níbẹ̀, ìyá ọkọ ò sí níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá fẹ́ gba líìfù torí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, àfi kó fi hàn pé ẹ̀gbọ́n ìyá náà ló tọ́ òun bí ọmọ nígbà tí òun wà ní kékeré. Ìyẹn wà nínú òfin náà, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀.

Níbi "ọkọ tàbí ìyàwó" yẹn ni wàhálà wà. Lọ́dún 1996, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó ní lójú ìjọba àpapọ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan nìkan ni tọkọtaya. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí Massachusetts bẹ̀rẹ̀ sí í so obìnrin méjì pọ̀ lọ́dún 2004, tí ọ̀kan bá ní jẹjẹrẹ, FMLA ò fún ìkejì láyè láti gba líìfù fi tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gá tó bá láàánú lè fún un. Òfin ò ní kó fún un.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé ibẹ̀ yẹn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2013, nínú ẹjọ́ Windsor. Síbẹ̀, ìjọba ṣì ń wo ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé. Tí àwọn méjì bá ṣègbéyàwó ní New York, tí wọ́n wá kó lọ sí Texas, líìfù náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ fojú inú wò ó bíi kéèyàn ṣègbéyàwó ní Ṣágámù, kó kẹ́rù lọ sí Ìkòròdú, kí wọ́n wá wò ó lójú ní Ìkòròdú pé àpọ́n ni. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tún un ṣe pé ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ni kí wọ́n máa wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé. Ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2015 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la, adájọ́ kan ní Texas dá a dúró fún ìpínlẹ̀ mẹ́rin: Texas, Arkansas, Louisiana àti Nebraska. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Obergefell dé, àríyànjiyàn náà sì parí.

Tí aláìsàn bá dákú, ta ni dókítà ń bi?

Aláìsàn tó mọ ohun tó ń ṣe, tó sì ti dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ni dókítà ń bi. Ìgbà tí kò bá lè sọ̀rọ̀ ni ìbéèrè ń bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni ìwé aṣojú: kí èèyàn kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le pé lágbájá ni kí wọ́n bi tí òun ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́, ó lè jẹ́ aládùúgbò, kò dìgbà tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí kò bá kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ètò ẹni tó kàn: ọkọ tàbí ìyàwó ló sábà máa ń ṣíwájú, ọmọ tó ti dàgbà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tí òfin ò kà sí ọkọ tàbí ìyàwó, ẹ̀yìn gbogbo wọn ló wà, bí àyè bá tilẹ̀ wà fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sharon Kowalski ló la ọ̀pọ̀ lójú sí èyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1983, awakọ̀ tó ti mutí yó kọlu ọkọ̀ rẹ̀ ní Minnesota. Orí ni ó ti ṣèṣe, kò lè rìn, kò lè sọ̀rọ̀ geere mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí òun àti Karen Thompson ti jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ra ilé, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ò mọ̀ pé wọ́n jọ ń fẹ́ra. Nígbà tí ilé ẹjọ́ fi bàbá rẹ̀ ṣe alágbàtọ́ rẹ̀ lọ́dún 1985, bàbá ní Thompson ò gbọdọ̀ fojú kàn án mọ́. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí kò fi rí i. Thompson ń pẹjọ́, ó ń gbé e lọ sókè. Ní oṣù kejìlá ọdún 1991, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Minnesota fi Thompson ṣe alágbàtọ́, torí dókítà jẹ́rìí pé ibẹ̀ ni Sharon ń fẹ́ wà, pé ara rẹ̀ sì ń yá síi lọ́dọ̀ Thompson. Ọdún mẹ́jọ, lórí ohun tí ìwé kan ì bá parí lọ́jọ́ kan.

Ìwé náà ò sì fìgbà gbogbo tó. Lọ́dún 2007, obìnrin kan láti ìpínlẹ̀ Washington, Janice Langbehn, ń rìnrìn àjò pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta nígbà tí ẹnìkejì náà ṣubú lulẹ̀ ní Miami. Langbehn ní wọ́n fi ìwé aṣojú ránṣẹ́ sí ọsibítù lórí fáàsì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wákàtí kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kóun àti àwọn ọmọ wọlé. Ẹnìkejì rẹ̀ kú. Ọsibítù ní àwọn ò ní òfin tó ń lé irú wọn, ilé ẹjọ́ sì da ẹjọ́ rẹ̀ nù lọ́dún 2009. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Obama. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2010 ó pàṣẹ, àṣẹ náà sì di ìlànà ní oṣù kìíní ọdún 2011, pé ọsibítù tó bá ń gba owó Medicare tàbí Medicaid, ìyẹn ètò ìlera tí ìjọba ń sanwó fún, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò wá wo òun. Kò ní dandan ni kí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ìdí nìyẹn tí ohùn WhatsApp yẹn fi ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì: ká tiẹ̀ ní wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká, wíwọlé wo aláìsàn àti fífi ìwé yan aṣojú kì í ṣe orí rẹ̀ ni wọ́n dúró lé.

Ìlú Ọba ńkọ́?

Ibẹ̀ ló máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu jù. Ní England àti Wales, next of kin ò lágbára kankan lábẹ́ òfin lórí ìtọ́jú àgbàlagbà, ìbáà ṣe ọkọ, ìbáà ṣe àkọ́bí. Ẹni tó lágbára ni ẹni tí aláìsàn fi ìwé yàn lábẹ́ òfin ọdún 2005, tí wọ́n sì ti forúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Tí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà ló ń wo ohun tó dára jù fún un, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn tó sún mọ́ ọn. Ọkùnrin méjì ti ń ṣègbéyàwó níbẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2014, bákan náà sì ni òfin yìí ṣe mú àwọn àti tọkọtaya Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ti líìfù, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ lè gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, láìsí owó, láti fi tọ́jú ẹni tó gbójú lé e. Ó kan ọkọ àti ìyàwó, ó tún kan ẹni tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà.

Nílé níbí, kí ni next of kin lè ṣe?

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá wọn gbé ìyá kan lọ sí ọsibítù ní Rẹ́mọ. Obì ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń tà ní Sábó ní Ṣágámù. Opó ni àwọn méjèèjì, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé láti bí ogún ọdún. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá náà rọ, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú wá. Ó mọ èyí tó ń lò láàárọ̀, ó mọ èyí tó ti tán láti ọ̀sẹ̀ kejì tí kò tíì rà. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Màmá, kí lẹ jẹ́ sí wọn?" Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni." Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ bá wa pe mọ̀lẹ́bí wọn." Ìkẹjà ni mọ̀lẹ́bí wà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọkọ̀ ní aago mẹ́wàá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un sí Ìbàfò, aago mẹ́ta ti kọjá kó tó dé. Wọ́n ti fa omi sí ìyá lára, ìtọ́jú ò dúró, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn títí ọmọ fi wọlé.

Nọ́ọ̀sì náà ò rú òfin kankan. Òfin Ìlera ọdún 2014 ní wọn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu sílẹ̀ láìtọ́jú. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wa náà ti sọ ọ́ lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ dókítà Okonkwo, pé àgbàlagbà tó ní làákàyè lè kọ ìtọ́jú, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, torí ẹ̀sìn rẹ̀. Orúkọ tá à ń kọ sí àyè next of kin, ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè ni. Kì í ṣe àrólé, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ti torí àṣìṣe yẹn dé kóòtù. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé, àṣà ló ń darí wa: ọkọ, àkọ́bí, ọmọ ìyá, olórí ẹbí. Ọkùnrin àti obìnrin tó jọ ń gbé láìsí ìdána náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀ ni ẹbí máa ń dé láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tí wọ́n á bi ìkejì pé ta ni ó.

Líìfù? Òfin Iṣẹ́ wa fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà bá kọ̀wé sí i. Aboyún ní ọ̀sẹ̀ 12. Líìfù láti fi tọ́jú ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀, yálà ìyàwó ẹni ni o tàbí ìyá ẹni.

Ẹni tó ṣe irú ìgbéyàwó yìí lókè òkun, tó wá sílé fún Ojúde Ọba ńkọ́?

Òfin tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2014 dá ọ̀rọ̀ náà dúró gedegbe. Ìgbéyàwó ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó bá jẹ́rìí sí i tàbí tó so wọ́n pọ̀, ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba náà, ọdún mẹ́wàá. Ìwé tí wọ́n gbà lókè òkun di òfo nílẹ̀ yìí, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó lè fún wọn ní àǹfààní kankan tó ti ara ìwé náà wá. Nítorí náà, ẹni tí ìwé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Houston, tó wọ aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí àìsàn wá gbé e ṣánlẹ̀, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ọsibítù yóò máa wá.

Òfin náà ò dá ìtọ́jú dúró. Dókítà ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu, ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́, Òfin Ìlera sì ní àṣírí aláìsàn ò gbọdọ̀ dé ìta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo ka lẹ́ẹ̀mẹta. Níbi tó ti ń túmọ̀ irú àjọgbé tó kà léèwọ̀, èyí tí àwọn méjì ti ń bá ara wọn lòpọ̀, ó to orúkọ oríṣiríṣi jọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni àjọṣe ìtọ́jú ara ẹni. Bí òfin náà ṣe kọ ọ́, ìbálòpọ̀ ló mú un di èèwọ̀, nítorí náà kò kan àwọn ìyá olóbì méjì wa.

Kí ni wọ́n ń bá ara wọn fà?

Àwọn tó ti òfin 2014 lẹ́yìn ní ó bá àṣà mu, ó bá Bíbélì àti Kùránì mu, pé aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn ló ṣe é. Nígbà tí àjọ ìwádìí Pew bi àwọn ọmọ Nàìjíríà léèrè lọ́dún 2013, 98 nínú 100 ní àwùjọ ò gbọdọ̀ tẹ́wọ́ gba irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní òfin náà ń dẹ́rù ba àwọn kan débi tí wọn ò fi lọ sọ́sibítù, pé ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má tú àṣírí òun kì í sọ òótọ́ fún dókítà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn alátakò ò sábà sọ pé kí aláìsàn dá kú. Ohun tí olórí àwọn adájọ́, John Roberts, kọ nígbà tó takò ìdájọ́ 2015 ni pé iṣẹ́ aṣòfin ni, kì í ṣe ti adájọ́ márùn-ún. Àwọn bíi Davis ń sọ ti ẹ̀rí ọkàn tiwọn. Ìhà kejì ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n bá ní kó dúró de ìbò, aláìsàn lè má dúró dè é.

Ṣé ó dìgbà téèyàn bá ṣègbéyàwó kó tó lè ṣojú aláìsàn?

Lọ́dún 1997, ìpínlẹ̀ Hawaii gba ọ̀nà mìíràn tí ẹni púpọ̀ ò rántí mọ́. Wọn ò fẹ́ so ọkùnrin méjì pọ̀, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n máa lé wọn lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Wọ́n wá ṣòfin pé àgbàlagbà méjì tí òfin ò gbà kí wọ́n fẹ́ra lè forúkọ sílẹ̀ pọ̀, kí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti wo ara wọn lọ́sibítù àti láti pinnu ìtọ́jú fún ara wọn. Àpẹẹrẹ tí òfin náà fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ ni opó kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó. Àwọn kan gbóríyìn fún un pé ó yọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú kúrò nínú ọ̀rọ̀ ibùsùn. Àwọn mìíràn, ní ìhà méjèèjì, ní ọgbọ́n àrékérekè ni.

Níbí, a ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí ohùn ìyá olóbì padà sípò díẹ̀, ó ní kí wọ́n fi orúkọ ọ̀rẹ́ òun sí káàdì. Akọ̀wé yí káàdì náà síwá sẹ́yìn. Àyè wà fún ọkọ, fún ọmọ, fún òbí, fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó gbójú sókè wo ìyá kejì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ṣì gbé ọ̀rá dúdú náà lé ẹsẹ̀, ó sì kọ "àbúrò" síbẹ̀.